Kànga Tí Ẹnìkan Ò Lè Dá Gbẹ́

Bí ọmọ Oǹdó bá sọ nílé pé Lọ́ńdọ̀nù ni òun ń lọ kàwé, àdúrà ni wọn yóò gbà fún un. Bí ó bá jẹ́ Kánádà ni, wọn yóò bi í léèrè ìgbà tí yóò ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní Sáúdí ni òun ń lọ, ilé á kọ́kọ́ pa lọ́lọ́ ná. Nígbà tí èmi sọ tèmi, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn mi pín sí. Àwọn kan gbà pé mo ti gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù láìwí fún ẹnikẹ́ni. Àlàájì ni wọ́n ń pè mí títí di òní, èmi tí wọ́n ṣèrìbọmi fún ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Àwọn kejì fà mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n fi ohùn ìsàlẹ̀ bi mí bóyá mo mọ ẹni tó fẹ́ mú mi lọ dáadáa. Wọ́n ti gbọ́ nípa àwọn ọmọbìnrin Yorùbá tí wọ́n fi iṣẹ́ olówó ńlá tàn lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, tí ọ̀gá sì ti gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Àwọn kẹta, tí bàbá mi jẹ́ olórí wọn, kò bẹ̀rù ohunkóhun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ní: "Ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa omi, kí ló ń wá lọ sínú aṣálẹ̀?"

Mo fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà, nítorí ìdáhùn tó wà lọ́wọ́ mi kò ní ẹwà kankan. Owó ni. King Abdullah University of Science and Technology, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí KAUST, kì í gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbà wọlé. Wọ́n á fún un nílé, wọ́n á tọ́jú ìlera rẹ̀, wọ́n á sì máa san owó tí yóò fi jẹun fún un lóṣooṣù. Ọba Abdullah ló dá a sílẹ̀. Oṣù September ọdún 2009 ni wọ́n ṣí i, ní Thuwal, ìlú kékeré àwọn apẹja létí Òkun Pupa, nǹkan bíi 80 kìlómítà sí àríwá Jeddah. Máásítàs àti oyè ọ̀mọ̀wé nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí i ni ọkùnrin àti obìnrin ti jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà, ohun tó ṣàjèjì ní orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó jáde ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, tí kò ní ẹni tí yóò kó mílíọ̀nù owó sí báńkì kí wọ́n lè fún un ní físà ìlú òyìnbó, kò ní jókòó máa ro irú ìwé ìgbàwọlé bẹ́ẹ̀ rò.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè bàbá mi bá mi wọ bàálù. Bí mo ti ń kàwé lọ, ó ń yí padà lọ́wọ́ mi, títí tó fi di pé kì í ṣe aṣálẹ̀ ló ń bi mí nípa rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe Àkúrẹ́ àti Oǹdó.

Mo ti ń retí ooru. Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà láti Ọjà Ọba dé Ọbáńlá ní Àkúrẹ́ ní ọ̀sán oṣù March rò pé òun mọ ohun tí oòrùn ń jẹ́. Ooru gbígbẹ ni mo fi sọ́kàn, irú èyí tí wọ́n ń ya sínú ìwé, pẹ̀lú ràkúnmí àti yanrìn. Ooru tí mo bá ní Thuwal, olómi ni, nítorí òkun kò jìnnà sí wa. Ní oṣù August, bí mo bá ti inú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà jáde, gíláàsì ojú mi á ṣú lójú ẹsẹ̀, mi ò ní rí ọ̀nà títí tí n ó fi yọ ọ́ nù. Òru kì í tu ènìyàn lára. Òfin ìlú náà kọ̀ kí wọ́n fi òṣìṣẹ́ kankan sẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ oòrùn láti aago méjìlá ọ̀sán títí di aago mẹ́ta, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 15 oṣù June títí di ọjọ́ 15 oṣù September. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò kí òfin kankan lé wa wọlé. Alẹ́ ni a ń rìn, alẹ́ ni a ń ra nǹkan, alẹ́ ni a ń gbá bọ́ọ̀lù.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ju ooru lọ ni ẹ̀rọ omi tó wà nínú ilé tí wọ́n fún mi. Mo ṣí i, omi dà. Mo ṣí i lóru, omi dà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó jáwọ́ nínú pípọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ de ọjọ́ tí kò ní sí. Ẹni tí a jọ ń gbé, ọmọ Ṣáínà ni, ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì mi títí, kò sì béèrè nǹkankan. Bí ó bá tilẹ̀ béèrè, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un pé ibi tí òjò ti ń rọ̀ ni mo ti kọ́ ìwà náà.

Òjò kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Láti nǹkan bí oṣù March dé October ni ó ń rọ̀ ní Àkúrẹ́, àfi kí ó sinmi díẹ̀ ní August. Àpapọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bíi mílímítà 1,500. Ti Jeddah kì í sábà kọjá 60. Ẹ jẹ́ ká fi òrùlé wọ̀n ọ́n. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 10, yóò gba omi lítà 150,000 lọ́dún ní Àkúrẹ́, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 6,000. Ní Jeddah, òrùlé kan náà kò ní gbà ju kẹ́ẹ̀gì 240 lọ. Sáúdí fẹ̀ ju Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ kò ní odò kan tó ń ṣàn láti January dé December. Àwa ní odò Àlà tó gba àárín Àkúrẹ́ kọjá, a ní Ọ̀wẹnà tí a máa ń kọjá bí a bá ń lọ sí Oǹdó. Wọ́n ní a kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ fọ ọwọ́. Ta ló ń ra omi inú ọ̀rá mu nígbà náà? Àwa náà ni.

Omi tó ń dà ní Thuwal, inú òkun ló ti wá. Iyọ̀ inú omi òkun káríayé tó nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan. Ti Òkun Pupa tó 40, nítorí oòrùn ń fà á gbẹ, kò sì sí odò ńlá tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ iyọ̀ yẹn ni mo lọ kọ́. Ẹ̀rọ ló ń fi agbára ti omi náà gba inú awọ asẹ́ kan tí ihò rẹ̀ kéré débi pé omi nìkan ló lè kọjá, iyọ̀ á sì kù sẹ́yìn. Agbára tí wọ́n fi ń tì í, bí ẹ bá mọ bí afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ ṣe ń le tó, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà ọgbọ̀n. Àwọn méjì tó kọ́kọ́ ṣe awọ asẹ́ tó wúlò fún iṣẹ́ yìí, Sidney Loeb àti Srinivasa Sourirajan, UCLA ní California ni wọ́n ti ṣe é, ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé fún máásítàs ni Loeb nígbà náà. India ni Sourirajan ti wá. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan àti àlejò kan ló ṣe ohun tí ìlú ńláńlá ń mu omi rẹ̀ lónìí.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Lítà ẹgbẹ̀rún kan omi, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì 40, ń jẹ iná tó tó yúníìtì mẹ́ta sí mẹ́rin lórí mítà, ká má tíì sọ ti fífà á lọ sí ìlú mìíràn. Ríyáàdì, olú ìlú wọn, wà láàárín gbùngbùn aṣálẹ̀, ó fi nǹkan bíi 600 mítà ga ju òkun lọ. Láti etí òkun ni wọ́n ti ń ti omi lọ bá a nínú páìpù tó gùn ju 400 kìlómítà lọ. Epo rọ̀bì ló ń san owó gbogbo rẹ̀. Nínú omi tí wọ́n bá fà láti inú òkun, ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò padà sínú òkun pẹ̀lú gbogbo iyọ̀ tí wọ́n yọ, ẹja àti iyùn inú Òkun Pupa ló sì ń fara gbá a. Àwọn tó ń gbin igi sí àyíká wa, tó ń fọ fèrèsé, tó ń tún páìpù ṣe, ọmọ Bangladesh, India àti Pakistan ló pọ̀ jù nínú wọn. Àlejò ni wọ́n, àlejò ni mí. Ṣùgbọ́n bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, àwọn ni í kọ́kọ́ yà fún mi, mo sì mọ̀ pé bí kì í bá ṣe lẹ́tà kan tí yunifásítì fi ránṣẹ́ sí mi, n kò yàtọ̀ sí wọn, n kò sì yàtọ̀ sí àwọn ọmọbìnrin tí àwọn ará Oǹdó fi ń dẹ́rù bà mí kí n tó lọ.

Nítorí náà, mi ò kọ̀wé yìí láti yin aṣálẹ̀. Ìyìn rẹ̀ ti pọ̀ lẹ́nu àwọn tó lọ ná Dubai ní ọ̀sẹ̀ kan, tí wọ́n bá délé tí wọ́n ń sọ pé orí àwọn ènìyàn dúdú kò pé. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kún agbọ̀n. Ohun tí mo ń wá ni ìdí gan-an tí omi fi ń dà ní aṣálẹ̀, tí kò sì dà nílé.

Ẹni tó kọ́kọ́ là mí lójú sí ìdí náà kì í ṣe ará Sáúdí. FUTA ni mo ti pàdé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Àkúrẹ́ ni kò mọ̀ pé FUTA ń gba àwọn tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nípa ojú ọjọ́ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ètò kan tó ń jẹ́ WASCAL, tí ìjọba Jámánì ń náwó sí. Orílẹ̀-èdè tó wà nínú ètò yìí lé ní mẹ́wàá. Àwọn ọmọ Niger, Mali àti Burkina Faso ń wá láti ilẹ̀ gbígbẹ wá kọ́ nípa òjò níbi tí òjò wà. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ìhà Zinder ní Niger, bá mi gbé ládùúgbò kan ní Apatapìtì nígbà tí mo ń múra àtilọ. Faransé àti Haúsá ló gbọ́, bí ọkàn rẹ̀ bá fà sílé, á lọ sí ọjà Ṣáṣà lọ bá àwọn Haúsá sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kan tí òjò ńlá rọ̀, a jọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Omi ń ti orí òrùlé gbogbo dà sílẹ̀, ó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà pẹ̀lú ọ̀rá àti ike. Ó bi mí pé ta ló ni omi yìí. Mo ní kò sẹ́ni tó ni ín. Ó tún bi mí pé kànga mélòó ló wà ládùúgbò wa. A bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti ibi tí a dúró sí: ilé yìí ní kànga, tọ̀hún ní kànga ẹ̀rọ, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní méjèèjì pẹ̀lú táǹkì dúdú lórí irin. Ó mi orí, ó ní ní abúlé àwọn, kànga kan ni gbogbo ìlú ní, ẹni tó bá sì ba ẹnu kànga náà jẹ́, ìlú ni yóò dá sẹ̀ríà fún un. Ó wá ní, "Ẹ̀yin, gbogbo ènìyàn ló ni kànga, ìlú ló ṣẹ́kù tí kò ní." Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé Thuwal ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá.

Ẹ wo bí a ṣe ń gbé. Orí àpáta ni Àkúrẹ́ àti Oǹdó wà, irú àpáta tó yọ síta ní Ìdànrè ló sùn sábẹ́ ilé wa. Omi abẹ́ ilẹ̀ wa kò dúró lójú kan bí adágún. Inú erùpẹ̀ tó bo àpáta mọ́lẹ̀ ni ó wà, àti ibi tí àpáta náà ti sán. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tó bá ojú sísán pàdé, omi rẹ̀ kò ní gbẹ. Aládùúgbò rẹ̀ lè gbẹ́ jìn ju tirẹ̀ lọ kí ó má rí ju eruku lọ, owó rẹ̀ á sì ti lọ. Ẹni tó ní omi á kọ́ ògiri yí i ká, á fi ẹ̀rọ sí ara ògiri, á máa tà á. Nítorí pé ilẹ̀ ìdajì púlọ́ọ̀tì ni púpọ̀ nínú wa ń kọ́lé sí, kànga ẹnìkan kì í jìnnà sí sọ́kàwéè ẹnìkejì. Ohun tí mo fi omi ṣàn lọ ní ilé mi, ìwọ lò ń fà á lókè ní ilé tìrẹ. Tó bá wá di February, tí ọyẹ́ ti gbẹ ilẹ̀, omi kànga á lọ sílẹ̀ títí á fi di ẹrẹ̀, ẹni tó ní owó á pe táńkà, ẹni tí kò ní á gbé kẹ́ẹ̀gì.

Kò sí ẹni tó ya ọ̀lẹ nínú ìtàn yìí. Owó tí àwọn onílé ní Àkúrẹ́ nìkan ti rì sínú ilẹ̀ nítorí omi, bí a bá lè kà á, yóò ya ìjọba lẹ́nu. Iṣẹ́ ń lọ, òógùn ń jáde, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, òjò ló sì jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Nítorí pé òjò ń rọ̀, kò sí ìgbà kan tí ọ̀ràn omi yóò burú débi tí gbogbo ìlú yóò fi jókòó papọ̀. Ẹ̀rọ ìjọba lè gbẹ fún ọdún gbọọrọ. Òjò kan yóò rọ̀ ní April, kànga yóò kún, ọ̀rọ̀ yóò parí títí di ọdún tó ń bọ̀. Òjò ń bo àṣírí àwọn tó yẹ kí wọ́n ṣiṣẹ́, ó sì ń bo tiwa náà tó yẹ ká béèrè.

Ní aṣálẹ̀, ibi sísá kò sí. Ọlọ́rọ̀ Jeddah kò lè gbẹ́ kànga sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kí ó bọ́ lọ́wọ́ ìjọba. Bí páìpù bá gbẹ, òun àti aládùúgbò rẹ̀ tálákà ló jọ ń pe táńkà, bí ilé iṣẹ́ etíkun bá dúró pẹ́, kò sí ohun tí táńkà yóò gbé wá. Ìdí nìyí tí ìjọba wọn fi dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún yíyọ iyọ̀ inú omi òkun lọ́dún 1974. Ẹ̀rù ló ń lé wọn. Owó epo wọ Nàìjíríà náà ní àwọn ọdún yẹn. Ohun tí kò wọ̀ ọ́ ni ẹ̀rù pé òùngbẹ yóò pa wá.

Àpẹẹrẹ òdì rẹ̀ náà wà nílẹ̀ wọn. Ní oṣù November ọdún 2009, oṣù méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí KAUST, òjò wákàtí díẹ̀ rọ̀ ní Jeddah, ẹ̀kún omi sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Ìlú tó lè sọ òkun di omi mímu kò ní gọ́tà tó lè gba òjò. Òjò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, wọ́n sì rò pé àwọn lè sá fún un. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ Lárúbáwá àti ẹ̀jẹ̀ Yorùbá kò yàtọ̀: ohun tí ènìyàn bá rò pé òun lè yẹ̀ sílẹ̀ fún, kì í tún un ṣe.

Èmi náà san owó kan fún omi tó ń dà láìdáwọ́dúró yẹn, kì í sì í ṣe owó tí a lè kà. Ní Apatapìtì, ìdí kànga ni mo ti mọ gbogbo ará ilé. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ìyàwó báyìí ti bímọ, pé wọ́n ti sún ìdánwò síwájú, pé okùn já sínú kànga, kí ẹnìkan wá bá wa fi ìwọ̀ gbé e. Ènìyàn á yá bọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ á tẹ̀ lé bọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé. Ní Thuwal, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni nílò lọ́wọ́ mi. Omi wà, iná wà, íntánẹ́ẹ̀tì wà, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ ń gbé wa kiri ọgbà. A ń kí ara wa tẹ̀rín-tọ̀yàyà, ilẹ̀kùn á sì padé. Ó ṣòro láti sọ fún àwọn ará ilé pé ibi tí nǹkankan kò ti wọ́n ni àárò ti ń sọ mí jù.

Ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta ni ìsinmi wọn. Ọjọ́ Àìkú, kíláàsì ń lọ. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sáúdí, inú yàrá ni ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà ti ń gbà á. Aago tiwọn fi wákàtí méjì síwájú tiwa, nítorí náà, bí ìsìn aago mẹ́sàn-án bá ń bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó, aago mọ́kànlá ti lù níbi tí mo wà, mo wà nínú láàbù. Màámi á gbé fóònù sínú àpò wọn pẹ̀lú WhatsApp ní ṣíṣí, n ó máa gbọ́ orin láàárín ariwo ẹ̀rọ tó ń ti omi. Ohun tó máa ń gbà mí lóṣù mélòó kan ni ẹran. Àwa ará Oǹdó ni a ni àsun, ewúrẹ́ sì pọ̀ ní Jeddah bí yanrìn. Àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà níbẹ̀ á dáwó jọ, a ó sun ún lórí èédú létí òkun. Ata rodo kò sí, ata gbígbẹ la fi ń gbé e, ará Mexico kan tó bá wa jẹ ẹ́ sì ní kò ta tó.

Àǹtí mi kan wà ní Òkèlísà tó jẹ́ Àlàájà tòótọ́. Ìbéèrè wọn kò yí padà rí: omi Zamzam. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ wọ Mẹ́kà, wọ́n ní kí n rán ẹni tó lè wọ̀ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìlọrin, ló bá mi gbé e bọ̀ nígbà tó lọ ṣe Úmúrà. Kẹ́ẹ̀gì onílítà márùn-ún ni, ìjọba wọn ló ń fa omi náà, tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì ń dí i. Mo gbé e wálé nígbà ìsinmi. Àǹtí mi bu díẹ̀díẹ̀ fún gbogbo agboolé, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́, kò sẹ́ni tó kọ̀ ọ́. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń ro kànga kan ṣoṣo tó wà láàárín àpáta, tí ayé gbogbo ń mu, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ògiri yí ká fún ara rẹ̀ nìkan.

Ìsinmi yẹn kan náà ni mo lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ onílé ní Àkúrẹ́ dípò bàbá mi, nítorí wọ́n ní ilé kékeré kan níbẹ̀. Tiráńsífọ́mà àdúgbò ti jóná. Nígbà tí wọ́n rí i pé ìrètí lọ́dọ̀ àwọn tó yẹ kí wọ́n rà á ti pin, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí dá owó. Ẹnu yà mí sí bí ètò wọn ṣe péye: onílé ń san iye kan, ayálégbé ń san iye kan, opó àti arúgbó ń san ìdajì, wọ́n yan akápò, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ti san mọ́ ara ògiri. Ilé olówó àti ilé aláìní ló wà lórí ìwé kan náà. Mo bi alága ìdí tí a kò fi ṣe irú èyí fún omi, kí a gbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tó dára síbi tó jìnnà sí sọ́kàwéè, kí gbogbo àdúgbò máa lò ó. Bàbá náà wò mí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ni kò ní kànga nílé?"

Ìdáhùn tí mo ń wá kiri láti Thuwal nìyẹn. Àwa tí wọ́n ń sọ pé a kò lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀, tí wọ́n ní ọ̀kánjúwà ni wá, a ti ra tiráńsífọ́mà pọ̀, a ti gbé òpó iná nílẹ̀ pọ̀, láìsí ọlọ́pàá tó lé wa. Ẹnìkan kò lè dá tiráńsífọ́mà rà fún ilé rẹ̀. Ìdí tí a fi jókòó pọ̀ nìyẹn. Nídìí tiráńsífọ́mà, aṣálẹ̀ ni a wà.

Ṣùgbọ́n ní ìpàdé yẹn, àga mélòó kan ṣófo. Mo béèrè, wọ́n ní àwọn onílé yẹn ti gbé sólà sórí òrùlé, ọ̀rọ̀ tiráńsífọ́mà kò kàn wọ́n mọ́. Mi ò lè bá wọn wí. Bí owó bá tó mi lọ́wọ́, n ó ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, mo ti rí ibi tí ó ń lọ, nítorí mo ti rí i lórí omi. Àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ ládùúgbò ni àwọn tí ohùn wọn ń dé ọ̀dọ̀ aláṣẹ. Nígbà tí omi ti dé ilé wọn, ohùn wọn kúrò nínú ọ̀rọ̀, àwọn tó kù wá ń pariwo tí kò dé ibì kankan. Oòrùn tí ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa lè ṣe fún iná ohun tí òjò ti ṣe fún omi.

Iṣẹ́ tí mo ń kọ́ yóò wúlò nílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní iyọ̀ láti yọ. Awọ asẹ́ tó ń dá iyọ̀ dúró lè dá ẹ̀gbin sọ́kàwéè dúró pẹ̀lú. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣòro. Ohun tó ṣòro ni kí ènìyàn mẹ́wàá tí olúkúlùkù ní kànga tirẹ̀ gbà láti jọ ní ẹyọ kan. Mo ti bẹ alága kí ó gbé e síwájú ìpàdé, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ omi kànga gbogbo ilé wò, kí a sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri bí wọ́n ṣe lẹ orúkọ àwọn tó sanwó. Kànga kì í ṣe ibi sísá fún ẹni tó bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí a bá rí èsì yẹn lójú kan náà, tí onílé sólà àti onílé àtùpà rí i pé ohun kan náà ni àwọn ń mu, ó ṣeé ṣe kí a jókòó.